Káàdì Clement Haddix

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó dá òjò dúró ní Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, tó fi jẹ́ pé àwọn àgbà ìjọ wa pàápàá rí ọ̀nà dé gbọ̀ngàn.

Orville ọkọ mi ń kó káàdì bésíbọ́ọ̀lù jọ, àwọn páálí kékeré tí wọ́n ya àwòrán agbábọ́ọ̀lù sí. Kì í ṣe ti àwọn gbajúmọ̀ o. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ní sáà kan péré láyé àtijọ́, tí gbogbo ayé ti gbàgbé, ni tirẹ̀. Ayàwòrán kan ní ìlú Toledo ló ń wo fọ́tò àtijọ́ kùn wọ́n, tó sì ń tẹ ìwọ̀nba díẹ̀. Bí wọ́n bá ti tán, pàṣípààrọ̀ ló kù, gbọ̀ngàn ìjọ wa ni wọ́n sì ti máa ń ṣe é.

Mama Lavinia, àgbà inú ìjọ wa, ni ọmọ Clement Haddix, ajùbọ́ọ̀lù kan nígbà náà. Bàbá náà kú kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n, iná sì jó gbogbo fọ́tò ilé wọn. Títí Mama fi darúgbó, kò mọ bí ojú bàbá rẹ̀ ti rí. Nígbà tí Orville gbọ́ pé káàdì Haddix wà lọ́wọ́ Dewitt Pomeroy, olùkó káàdì bíi tirẹ̀, ó pe Mama wá sí gbọ̀ngàn ní Sátidé náà.

"Arákùnrin Dewitt, kí lo máa gbà?" ni Orville bi í.

"Káàdì Ignatius Pruett rẹ."

Pruett onírunmú rẹpẹtẹ yìí ni ààyò ọkọ mi. "Ìyẹn ò ṣeé ṣe," ni ó wí. "Ó kúkú yá kó o ní kí n gbé ìyàwó mi fún ọ."

"Ìyàwó rẹ ń gbọ́ o," ni mo wí.

Dewitt rẹ́rìn-ín. "Ká ní ìyàwó ni mo bèèrè, à bá ti parí ọ̀rọ̀."

Orville wo Mama lẹ́bàá fèrèsé, tó gbé báàgì lé itan. Ló bá yọ Pruett, ó fi lélẹ̀, ó sì gbé Haddix lọ fún ìyá àgbà.

Mama wò ó títí. "Orville, ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́ nìyí."

Ó yọ ìbọ̀wọ́ awọ kan tó ti gbó láti inú báàgì, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń hán bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n rán an fún; ọwọ́ tí ajùbọ́ọ̀lù kò fi ń jù ni ó sì máa ń wọ̀ ọ́ sí. "Ọwọ́ òsì ni bàbá mi fi ń ju bọ́ọ̀lù. Ìyá mi sọ ọ́ títí ó fi kú. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni yìí fi mú bọ́ọ̀lù."

Ọkàn ọkọ mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo gba káàdì náà. Èmi tí mo ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin láti ìgbà tí mo ti ń jẹ́ ìyàwó, bọ́tìnì ni mo kọ́kọ́ wò. "Ẹ wò ó, bọ́tìnì rẹ̀ wà lápá òsì bíi ti búláòsì mi, kì í ṣe lápá ọ̀tún bíi ti ọkùnrin. Ayàwòrán náà ló yí fọ́tò sódì."

Dewitt fò dìde. Láàárín àwọn olùkó káàdì, èyí tí wọ́n bá fi àṣìṣe tẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri jù. "Orville, gba Pruett rẹ padà. Kí n gba Haddix mi."

Orville wo Pruett. Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ fà sí i. "Bi Mama," ni ó wí níkẹyìn. "Kì í ṣe tèmi mọ́."

"Dewitt, jókòó," ni Mama wí. "Ta ló ní dígí?"

Mo fún un ní dígí kékeré tí mo fi ń kun pọ́ńdà. Ó gbé káàdì náà síwájú dígí. Nínú dígí, bọ́ọ̀lù ti bọ́ sí ọwọ́ òsì. Mama ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ inú ìbọ̀wọ́ náà, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, Dádì," ni ó wí. "Imú yín nìyí tí mò ń gbé kiri."

Dewitt tó ti bínú jókòó bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ bu kọfí fún un. Dígí mi ò bá mi délé mọ́. Mama ló gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, ojú tí ẹ ti ń fẹ́ rí láti ọjọ́ pípẹ́, kí Olúwa jẹ́ kí ẹ rí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Àmín.