Ìlà Ẹrẹ̀ Lára Ògiri

Gbogbo ẹni tó bá mọ Dùnmínínú Bámgbóyè ló mọ̀ pé kò sí ohun tó ń wá ju kí yunifásítì kan nílẹ̀ òkèèrè gbà á, kí wọ́n sì sanwó fún un láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú jọ́gíráfì. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni ní ilé ìwé girama kan ní Adó-Èkìtì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á bi í pé kí ni ènìyàn tilẹ̀ ń fi jọ́gíráfì ṣe láyé, á ní kí wọ́n lọ jókòó jẹ́ẹ́. Owó oṣù tíṣà kò lè gbé e dé Kánádà, oko bàbá rẹ̀ ní Ìyìn kò sì lè gbé e débẹ̀. Bí wọn kò bá sanwó fún un, a jẹ́ pé kò lọ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo tó ní tó lè fi yangàn níwájú àwọn òyìnbó ni iṣẹ́ tó ṣe fún oyè másítàsì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun ló fa gbogbo wàhálà. Bí òjò bá rọ̀ tí odò Àjílósùn bá kún, omi á wọ ilé onílé, á tún padà síbi tó ti wá. Ìlà ẹrẹ̀ ló máa kù lára ògiri. Àwọn onílé á fi ọ̀dà pa á rẹ́ bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé. Dùnmínínú ló ronú pé ìlà ẹrẹ̀ yẹn gan-an ló lè sọ ibi tí omi dé àti ibi tó tún máa dé. Ó mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ó ń wọlé kiri, ó ń wọn ìlà náà láti ilẹ̀, ó ń bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sún kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀. Àwọn kan rò pé ìjọba ló rán an láti wá wó ilé wọn, wọ́n tú ajá sí i. Ó sá, ó sì tún padà lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó ya máàpù àwọn ilé tí omi máa wọ̀. Òjò ọdún kejì dé, omi sì wọ àwọn ilé náà bó ṣe yà á gẹ́lẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyẹyè, tó ti fẹ̀yìntì báyìí, ló darí iṣẹ́ náà. Ó darí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìlà ẹrẹ̀ wá, ohun tí bàbá wí ni pé, "Dùnmínínú, ṣé jọ́gíráfì lo fẹ́ ṣe ni, àbí iṣẹ́ kíkun ilé?" Ìgbà tí omi tẹ̀lé máàpù náà ló tó gbà fún un.

Dùnmínínú fi iṣẹ́ náà kọ̀wé sí yunifásítì kan ní Kánádà, wọ́n sì fèsì pé àwọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Àyè kan ṣoṣo ló wà, owó ilé ìwé, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Dùnmínínú kò gbẹ́kẹ̀ lé iná àdúgbò rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní sólà nílé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já gaara níbẹ̀, ló bá ní kó wá ṣe é ní pálọ̀ òun.

Nígbà tó débẹ̀, ó bá bàbá nínú bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ti jókòó sórí àga rẹ̀ lápá ibi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i.

"N kò ní sọ̀rọ̀ rárá," ó ní. "Mo kàn fẹ́ jókòó tì ọ́, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Dùnmínínú wí, ó kúnlẹ̀. Kí ni ìbá tún wí?

Ọ̀rọ̀ ń lọ geere. Obìnrin òyìnbó kan tó funfun lórí bí òwú ló ń bi í léèrè, ó sì ń mi orí sí ìdáhùn rẹ̀. Ìgbà tó yá, obìnrin náà ní, "Ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri yìí, ta ló ronú kàn án? Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe nínú iṣẹ́ yìí?"

Háà! Dùnmínínú wo ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá gbójú sókè, ó ń wo fáànù àjà. Kí ó wá la ẹnu níwájú àgbàlagbà, nínú ilé onílé, lórí iná onílé, kó ní òun ni, bàbá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀? Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìyìn? Ẹnu rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá mi ni," ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. "Àwọn ló fọ̀nà hàn mí. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Bó bá jẹ́ ará Èkìtì ló gbọ́ ọ ni, á rẹ́rìn-ín, á mọ̀ pé ọmọ náà ló ṣiṣẹ́, á sì tún yìn ín pé ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò mọ èyí. Ohun tó sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n pa kámẹ́rà. Màmá Jùwọ́n, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbé iyán wá, gbogbo wọn jẹun tayọ̀tayọ̀.

Èsì dé. Wọ́n ní Dùnmínínú gbọ́n, ó sì níwà, ṣùgbọ́n ẹni tó lè dá ronú ni àwọn ń wá. Wọ́n ní kó bá àwọn kí ọ̀gá rẹ̀, pé iṣẹ́ ńlá ni bàbá ṣe. Ó dun Dùnmínínú wọra. Ó bínú sí òyìnbó, ó bínú sí bàbá, ẹnu ara rẹ̀ ló sì bínú sí jù lọ. Ó gbé fóònù lọ fi han Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí wọ́n ní kó kí i.

Bàbá kà á lórí ìdúró. Inú bí i débi pé Yorùbá ìwé sá kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Uṣẹ́ rẹ ni! Ta ló ní kí o gbé e fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, sà."

Bàbá rọra jókòó sórí àga náà.

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí o sọ ọ́," ó ní. "Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo lè wúkọ́, mo lè fọwọ́ sọ fún ọ pé rárá. N kò ṣe é. Má bínú, ọmọ mi."

Dùnmínínú kò tíì gbọ́ kí àgbà bíi tirẹ̀ ní kí òun má bínú rí. Ó sunkún níbẹ̀.

Ọdún yípo. Yunifásítì náà kéde pé ọdún yìí ni owó náà máa tán, kò ní sí òmíràn mọ́. Dùnmínínú tún kọ̀wé, wọ́n tún pè é, ó sì tún gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé pálọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí àsìkò ṣe ń tó, bàbá dìde.

"Màmá Jùwọ́n, ó yá, dìde."

"Níbo là ń lọ?"

"Ìta."

"Nínú oòrùn yìí kẹ̀?"

"Mo ní ìta!"

Wọ́n gbé àga jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, bàbá sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé.

Obìnrin olórí funfun yẹn náà ló tún wà níbẹ̀. Kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, o ní ọ̀gá rẹ ló ronú kan ìlà ẹrẹ̀. Ní ọdún yìí, o kọ ọ́ pé ìwọ ni. Èwo ni òótọ́?"

Dùnmínínú wo àga tó ṣófo. Tìmùtìmù rẹ̀ ṣì tẹ̀ wọnú níbi tí bàbá máa ń jókòó sí.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ronú kàn án, èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá mi tiẹ̀ fi mí ṣẹlẹ́yà."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà?"

"Wọ́n wà nínú yàrá."

Ojú obìnrin náà fi hàn pé kò yé e. Kó tó bèèrè, ohùn kan bú jáde láti ojú fèrèsé: "Uṣẹ́ rẹ ni! Sọ ọ́ kó dún!"

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá mi ni. Wọ́n ní iṣẹ́ mi ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Wọ́n gbà á. Lọ́jọ́ tí èsì dé, kò dúró de kí ọkọ̀ kún, ọ̀kadà ló gùn dé ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá, omijé gba ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo rẹ̀."

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O ò rí i? Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."