Orin Tí Káàdì Gbé Lékè

“Tún àpò yẹn gbọ̀n dáadáa, kí ẹyọ kan má ṣe kù sínú rẹ̀,” ni Ọ̀gá Dàpọ̀ wí, ó sì bá Ràúdátù di ìdí àpò náà mú.

Ràúdátù gbọn àpò náà. Káàdì tú jáde sórí tábìlì bí ẹ̀wà tí àpò rẹ̀ ya. Òmíràn bọ́ sílẹ̀, òmíràn sá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá Dàpọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n, ó sì ń kà wọ́n sókè.

“Omi Ò Dé. Omi Ò Dé. Òmíràn tún nìyí, Omi Ò Dé. Ràúdá, orin ráàpù yìí ti gba ọjà mọ́ gbogbo orin yòókù lọ́wọ́. Àwọn onífújì ń wò ó lẹ́yìn!”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Kò jọ bẹ́ẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọdún 1995 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú Ìlọrin. Ràúdátù ni olóòtú ètò “Ta Ló Léwájú?” tó máa ń wáyé ní ọ̀sán Sátidé. Olùgbọ́ á kọ orúkọ orin kan ṣoṣo tó wù ú sórí káàdì, á fi ránṣẹ́, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, Ràúdátù á sì máa ka orin mẹ́wàá tó mókè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ọ̀sán Sátidé bá ti pé, kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun níṣẹ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni Ràúdátù. Ọ̀gá Dàpọ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ètò, ti ṣèlérí fún un pé bí ètò náà bá rí agbátẹrù, òun á rí i dájú pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀ níbi iṣẹ́.

“Àwọn ọlọ́ṣẹ tó fẹ́ ṣe agbátẹrù wa ń bọ̀ ní Sátidé,” ni Ọ̀gá Dàpọ̀ ń wí. “Wọ́n fẹ́ jókòó tì wá ní sítúdíò. Ta ni ọmọ tó kọ orin yìí gan-an? Ó ní Ọmọ Àáfà lòun. Ta ni kì í ṣe ọmọ àáfà ní Ìlọrin?” Ó rẹ́rìn-ín. “Bá mi wá a rí. Mo fẹ́ kí ó wà níbí lọ́jọ́ náà.”

“Màá wá a, sà.”

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Kí ló fẹ́ wá? Abdulmumini, ọmọ ìyá rẹ̀, àbíkẹ́yìn ilé wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Tanke, ni Ọmọ Àáfà. Nígbà tó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá, Ràúdátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohùn ọmọ náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi tó wà ládùúgbò tí kì í yọ omi:

Ẹ̀rọ omi ń sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè,
Kò sómi lẹ́nu ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń sọ.

Ràúdátù fi orin náà sí orí afẹ́fẹ́ nítorí pé ó dùn. Ó wá yọwọ́ nínú kíka káàdì, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àbúrò òun ni. Orin náà wọlé láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì wá gun orí gbogbo wọn.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lónìí yàtọ̀. Bó ṣe ń wọlé láàárọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún un pé àpò náà kò ti ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà ló gbé e wá, òun náà ló sì gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Kò dúró kí oòrùn ọ̀sán rọlẹ̀, ó gba Tanke lọ. Epo bẹntiróòlù wọ́n gógó lásìkò náà, takisí kò pọ̀. Nígbà tó rí ọ̀kan, wọ́n há a mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí àkàrà inú búrẹ́dì.

Ó kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀, kò sì dúró gba èsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́rin jókòó sórí ẹní, káàdì wà níwájú oníkálukú. Ọmọbìnrin kan ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé kí ìkọ̀wé rẹ̀ lè yàtọ̀, ó yọ ahọ́n síta bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Abdulmumini nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pe orúkọ fún wọn.

“Bàríkísù, láti Ọjà Ọba. Ó yá, Mùsílíù, láti Ọ̀fà.”

Ìgbà tí wọ́n rí Ràúdátù, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbé káàdì pamọ́. Ọmọbìnrin yẹn tilẹ̀ dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fún un láyè lórí ẹní. “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n wa.”

“Abdulmumini,” ni Ràúdátù wí, “jáde wá bá mi.”

Wọ́n dúró sí ẹ̀yìnkùlé, níbi okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

“Kí ni mo rí yẹn?”

“Káàdì ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀ pé káàdì ni. Ta ni Bàríkísù Ọjà Ọba?”

“Ẹ má bínú. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ló fẹ́ràn orin náà dénú. Kò sí ẹni tó purọ́ nípa ìyẹn.”

“Ẹni kan tó fẹ́ràn orin, ẹni kan ni. Kì í di ogún nítorí pé bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Àwọn ará Èkó ńkọ́?” Ohùn Abdulmumini ti ń le. “Wọ́n ní àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rán ènìyàn lọ ra kásẹ́ẹ̀tì ara wọn lọ́jà, kí aráyé lè sọ pé ó ń tà. Èmi ò ní ọ̀gá, mi ò sì lówó. Ta ni yóò gbọ́ tèmi bí mi ò bá pariwo?”

“O ní èmi.”

“Ẹ̀yin kẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ lo orin mi, ẹ pe orúkọ mi bí ẹni tó ń ka ìkéde òkú. Ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọmọ ìyá yín ni mí. Mo mọ ohùn yín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ ọ.”

Òótọ́ ni. Ràúdátù bi í pé, “Nínú gbogbo káàdì yẹn, èwo ni ti àwọn olùgbọ́ gan-an?”

Abdulmumini wo ilẹ̀. “Èmi náà ò mọ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ò kọ ọ̀kankan. Wàláhì! Mi ò mọ àwọn tó kọ̀wé nígbà yẹn. Ìgbà tí orin náà dé àárín ni ẹ̀rù wá bà mí pé yóò jábọ́.”

Ràúdátù yí padà, ó ń lọ.

Ìyá wọn ti ní kó bá òun ra jéró bọ̀, nítorí náà ó yà sí ọjà Ipata, lọ́dọ̀ Asabe tí wọ́n máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Asabe ń wọn jéró fún un lọ́wọ́ nígbà tí àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà hó yèè. Wọ́n ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ó húkọ́, ó tú fùù, kò sì yọ omi kankan. Obìnrin kan tẹ etí sí ẹnu ẹ̀rọ náà bí ẹni tí wọ́n ń jíṣẹ́ fún.

“Kí ló wí?” ni àwọn yòókù ń kígbe.

“Afẹ́fẹ́ ló ń sọ!”

Ni wọ́n bá gbé e lórin. Wọ́n ń lu ìdí garawa, wọ́n ti fa ohùn rẹ̀ gùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di wákà lẹ́nu wọn. Arúgbó kan tilẹ̀ fi ìlà kan tirẹ̀ kún un, nípa ọkọ tó ń bèèrè omi ìwẹ̀. Ìlà yẹn kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì.

“Ìyá, níbo ni ẹ ti gbọ́ orin yẹn?”

Asabe gbójú sókè, kóńgò lọ́wọ́ rẹ̀. “Èwo? Èyí tí wọ́n ń kọ yìí? Ṣé orin ẹnì kan ni? Mo ṣebí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọmọ mi tó ń wa lọ́rì ló gbé e ti ibùdókọ̀ dé, gbogbo ọjà sì ti gbà á.”

“Ẹ ò kọ káàdì sí rédíò nípa rẹ̀?”

“Káàdì kẹ̀?” Asabe wò ó tàánútàánú. “Ọmọ mi, ṣé káàdì ni wọ́n fi ń kọrin ni?”

Àárẹ̀ ọkàn Ràúdátù wá pọ̀ sí i. Ká ní orin náà kò dára ni, ì bá ti yọ ọ́ dànù bí eyín tó jẹrà. Ṣùgbọ́n irọ́ ti wọ inú òótọ́ bí iyanrìn tó wọ inú gààrí, kò sì sí asẹ́ tó lè yà wọ́n. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò lè jókòó. Ó fọ aṣọ tó mọ́, ó tún gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Ìyá rẹ̀ bi í pé ta ló ń lé e, ó ní kò sí.

Nígbà tó di Sátidé, ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Dàpọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rò ó fún un láìfi ọ̀kan pe méjì: pé àbúrò òun ni Ọmọ Àáfà, àti pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń kọ káàdì.

Ọ̀gá Dàpọ̀ bojú wo ẹnu ọ̀nà. “Ta lo tún sọ ọ́ fún?”

“Kò sẹ́ni, sà.”

“Ó dáa. Má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn ọlọ́ṣẹ ti wà ní sítúdíò, a ti fún wọn ní míníra. Ṣé orin náà ò dára ni?”

“Ó dára, sà. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Ipata.”

“Wò ó! Kí ló wá kù? Ẹni tó yẹ kó borí ló borí. Ka ohun tó wà níwájú rẹ, ká lọ sílé.”

“Àwọn tí orin yìí borí ńkọ́, sà? Àwọn tí olùgbọ́ wọn kọ káàdì kọ̀ọ̀kan péré?”

“Ràúdá,” ohùn rẹ̀ rọ̀, “mo ń gbà ọ́ nímọ̀ràn bí ọmọ ni. Bí o bá tú u síta, ètò yìí kú, iṣẹ́ rẹ sì bá a lọ.”

Ràúdátù wọ sítúdíò. Iná pupa tàn. Ó ń ka orin láti orí ìkẹwàá, ó ń fi wọ́n sí i, ó ń ṣàwàdà bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, àwọn ọlọ́ṣẹ ń mi orí sí orin. Nígbà tí orin tó wà ní ipò kejì parí, ó sún mọ́ máíkì.

“Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, orin kankan kò gba ipò kìíní lọ́sẹ̀ yìí. ‘Omi Ò Dé’ ni káàdì rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ akọrin náà ló kọ púpọ̀ nínú wọn, a ò sì lè mọ èyí tí ẹ̀yin kọ. Ẹni tó kọ orin náà ń jẹ́ Abdulmumini. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́.”

Ọ̀gá Dàpọ̀ ti dìde lẹ́yìn gíláàsì. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n fi ìpolówó sí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ètò náà ti kú. Àwọn ọlọ́ṣẹ dúpẹ́ míníra, wọ́n lọ. Ọ̀gá Dàpọ̀ kò pariwo. Ó kàn sọ fún un pé láti Mọ́ńdè, ìkéde òkú àti ohun tó sọnù ni yóò máa kà, títí wọn ó fi mọ ohun tí wọn ó ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, ìyá wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. “Mo gbọ́ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì lórí rédíò,” ni ó wí. “Mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni àbí kí n sunkún. Àbúrò rẹ wà nínú ilé.”

Abdulmumini dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò kí i.

“Ẹ ti pa mí,” ni ó wí. “Gbogbo Tanke ló gbọ́ ọ.”

“Mo pa ara mi pẹ̀lú.” Ràúdátù jókòó, ó bọ́ bàtà. “Wọ́n ń kọ orin rẹ ní Ipata, nídìí ẹ̀rọ omi. Arúgbó kan ti fi ìlà tirẹ̀ kún un.”

Abdulmumini yíjú sí i. “Ta ló kọ́ wọn?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.”

“Ṣé wọ́n mọ orúkọ mi?”

“Rárá. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé orin ẹnì kan ni.”

Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó padà, ó tún rìn lọ. Ojú rẹ̀ kò dúró síbì kan. “Kí ni arúgbó yẹn fi kún un?”

“Lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ. Ọjà ò tíì tú. Má sọ fún wọn pé ìwọ lo ni ín.”

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. “Bí mo bá débẹ̀ tí wọn ò kọ ọ́ ńkọ́?”

“A jẹ́ pé o ó padà wálé,” ni Ràúdátù wí, “o ó jókòó, o ó sì kọ òmíràn.”

Ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ jà. Lẹ́yìn náà, ó yọ bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ó wọ̀ ọ́, ó sì jáde.