Ìlà Ìbò Tó Sọdá Odò

Ẹ̀yin tí ẹ ti tò síwájú, ẹ má wẹ̀yìn, etí yín nìkan ni mo fẹ́ yá. Mo lá àlá kan lóru àná tó jẹ́ pé, bí kì í bá ṣe pé òní ni ọjọ́ ìbò, ǹ bá gbé e mì kí n sì dákẹ́. Akọ̀wé ò tíì dé, oòrùn ò sì tíì mú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó parẹ́ lórí mi.

Ohun tí mo gbé sùn ni mo lá, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. A fẹ́ yan alága àdúgbò Ìfẹ́dàpọ̀ yìí. Alàgbà Ṣówándé tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ti ń ṣe alága wa látìgbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ igbó, ní òun fẹ́ ṣe géètì ńlá sí ẹnu ọ̀nà wa. Nọ́ọ̀sì Morẹ́nikẹ́ tó ń bá wọn du ipò náà ní afárá ni tòun, torí látìgbà tí àgbàrá ti gbé afárá onípákó wa lọ, àwọn ará òdìkejì odò ò ríbi gbà wá mọ́. Màmá Èyíwùmí wà nínú wọn. Ìyá tó máa ń jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́ ni mò ń wí, tó máa ń bá mi ṣa ẹ̀wà, tó sì máa ń bú ẹni tó bá ra bisikíìtì láìkí òun. Àárò ìyá yẹn ń sọ mí gan-an ni. Ní báyìí, òun á dúró lápá ọ̀hún, èmi á dúró lápá ibí, a ó máa pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí omi, gbogbo ayé sì ti gbọ́ àṣírí wa tán. Òfin ẹgbẹ́ wa wá sọ pé ẹni tí kò bá tò sórí ìlà, a kì í kà á. Ẹni tó nílò afárá ò lè sọdá wá dìbò fún afárá. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ mi lọ.

Bí mo ṣe sùn, orí pápá yìí gan-an ni mo bá ara mi. Ìlà méjì ló wà nílẹ̀, Nọ́ọ̀sì dúró níwájú ọ̀kan, àga Alàgbà wà níwájú èkejì, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn kankan lẹ́yìn wọn. Ẹ sáà mọ ìwà wa. Bí a bá lọ pọnmi, kẹ́ẹ̀gì la máa ń fi sórí ìlà, tí a ó sì padà sílé lọ dáná. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìbò náà nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì ló tò, àpótí ìjókòó ló tò, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, agboòrùn tó ti ṣẹ́, àti ìkòkò ọbẹ̀ kan tó ṣì ń hó lórí ìlà níbi tí kò sí iná.

Mo bi ìkòkò náà pé ọ̀gá rẹ̀ dà. Ó ní ọ̀gá òun ń sùn.

Mo ní, “Ìwọ lo wá fẹ́ dìbò?”

“Òun ló ń sùn, èmi ò sùn. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ni wọ́n máa kà.”

Mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo bo ìdérí rẹ̀ kí eṣinṣin má bàa kó sí i, mo sì lọ tò sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ aró kan lórí ìlà Nọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Ìpàkọ́ kẹ́ẹ̀gì ni mò ń wò títí, mo sì wá rí i pé ìpàkọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Mo fi etí ìró mi nù ún. Ó kí mi dáadáa, ó wá ní ta ni mo dá àyè tó wà lẹ́yìn mi sí fún, nítorí ó rí i pé mo na ọwọ́ kan sẹ́yìn. Mo ní Màmá Èyíwùmí ni. Ó ní ìyá náà ò lè sọdá wá gbà á, ó ní kí n kúkú lọ bẹ ọ́fíìsì kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ka ìyá láti òdìkejì. Ó ní òun á bá mi di ààyè mú.

Mo bá gbéra. Kí n tó débẹ̀, géètì kan dìde dúró sí àárín pápá. Kò sí ògiri lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì, géètì ṣáá ni, irin ńlá, wọ́n kùn ún ní dúdú. Ewé lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, adìyẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ èmi lára láti bọ̀wọ̀ fún géètì, mo bá dúró. Ó bi mí pé ta ni mo wá kí. Mo ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo ní wọn ò mọ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn kí n tó padà wá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sọ fún wọn, mo padà wá sọ fún un pé wọ́n ti gbọ́, ó wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní kí n má bínú, ó ní látìgbà tí wọ́n ti rọ òun, kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tí òun ń ṣọ́ fún òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ọ̀pọ̀ wa náà ò mọ tiwa.

Nígbà tí mo máa dé ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kejì, ó ti gbéra kúrò nílẹ̀. Yàrá kan yẹn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráńsífọ́mà, pẹ̀lú páànù rẹ̀ àti kàlẹ́ńdà ara ògiri rẹ̀, ó ń léfòó lórí odò, kò ga jù. Akọ̀wé wa, Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, yọrí lójú fèrèsé, ó ju okùn sí mi, ó ní kí n bọ́ bàtà kí n tó wọlé torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi sórí omi. Ó dúró síbẹ̀ dè mí.

Alàgbà wà nínú ọ́fíìsì lórí àga. Alàgbà, ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi, àlá ni. Bí wọ́n ṣe fẹ́ dìde kí mi, ìwo ló kọ́kọ́ yọ lábẹ́ fìlà wọn. Lẹ́yìn náà ni irùngbọ̀n wọn gùn sí i, ojú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì di ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tó mọ́ tónítóní ni, kò sì ṣí fìlà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Alága. Wọ́n ní mo ṣeun, wọ́n sì ń jẹ kọ́tìnnì ojú fèrèsé lọ.

Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Akọ̀wé ní òfin ni òfin, pé ẹni tí kò bá sí lórí ìlà, kò sí. Mo ní ṣé òfin sọ ibi tí ìlà gbọ́dọ̀ gbà ni? Ó ronú títí tí ọ́fíìsì fi yí po lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀run. Ó ní òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òfin sọ kò ju pé kí ìlà má já.

Mo wá yíjú sí ewúrẹ́, mo ní, “Alága, kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ afárá?”

Ó gbé kọ́tìnnì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì ná.

“Ìyá Àrẹ̀mú, ẹ̀rù omi ń bà mí. Géètì ò ní omi lábẹ́. Ohun mìíràn sì tún wà. Bí wọ́n bá gbé ìbò yìí fún ọmọ yẹn, ta ni yóò máa kí mi ní Alága? Àwọn ọmọ ò sí nílé, ìyàwó mi ti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Ilé yẹn dákẹ́ jù.”

Omi bọ́ lójú ewúrẹ́, ó bọ́ lójú èmi náà. Mo ní, “Ẹni tó bá wa ṣán igbó àkọ́kọ́, a kì í gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Alága la ó máa pè yín títí.” Mo sọ ọ́ lójú àlá, mo sì tún un sọ lójú oòrùn báyìí níṣojú gbogbo wa.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ bàtà mi lórí omi, mo sì padà sórí pápá. Mo sọ fún kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ aró ohun tí Akọ̀wé wí. Kẹ́ẹ̀gì náà sọ fún àpótí, àpótí sọ fún sálúbàtà, bẹ́ẹ̀ ni ìlà Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Wọ́n ń yí gbirigbiri lọ sọ́nà odò. Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa rọra, pé ìkòkò ọbẹ̀ wà láàárín wọn. Ariwo wọn ló jí àwọn onílé. Kálukú sáré jáde wá wá ohun ìní rẹ̀, ẹni tó bá sì ti rí tirẹ̀, á dúró tì í, torí kò ní fẹ́ kí wọ́n gba ààyè òun. Bí ìlà ṣe kún fún èèyàn nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

Nígbà tí a dé etí odò, kò sí ibi tí a lè tò sí mọ́ àfi orí omi. A bá dùbúlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ló kọ́kọ́ léfòó, àpótí tẹ̀ lé e, àwa náà tẹ̀ lé e, a dojú bolẹ̀, a di ẹsẹ̀ ara wa mú kí ìlà má bàa já. Àgbájọ ọwọ́ la fi í sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé omi máa ń wọ imú. Èmi tí mo gba orí ẹ̀yìn wọn kọjá ni mo wà níparí, lápá ọ̀hún. Mo na ọwọ́ sí òdìkejì, kò tó. Ó ku díẹ̀, ibi tí èèyàn kan lè dùbúlẹ̀ sí, kò sì sí ẹnìkan mọ́. Màmá Èyíwùmí dúró lọ́hùn-ún, ó gbé sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò mí. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n padà sílé kí òtútù má bàa mú mi. Inú mi bàjẹ́. Mo sunkún nínú omi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ pátákò. Ewúrẹ́ ló ń bọ̀ lórí ẹ̀yìn wa, tìṣọ́ra tìṣọ́ra. Ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo omi, ó pa ojú dé, ó sì wọ inú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbi tó kù yẹn, fìlà rẹ̀ ò kúrò lórí. Akọ̀wé ké láti ojú fèrèsé pé ìlà ti pé, pé òun ń kà á.

Màmá Èyíwùmí gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀yìn ewúrẹ́. Ó ní, “Alága, ẹ ṣé o.” Mo gbọ́ ọ ketekete. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹ̀yìn tèmi. Ẹsẹ̀ náà gbóná, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mò ń retí kó gbé èkejì, kò gbé e. Mo ní, “Màmá, ẹ máa bọ̀,” ohùn ara mi ló sì jí mi.

Ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn mi lóòótọ́. Ìbíyẹmí, ọmọ ọmọ mi, ló yí po lórí bẹ́ẹ̀dì tó gbé gìgísẹ̀ lé mi ní àárín gbùngbùn ẹ̀yìn, tó ń hanrun. Ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti tì í dànù. Mi ò tì í. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo wẹ̀, mo gbé àpótí mi, mo ní kí n gba etí odò kọjá kí n kí ọ̀rẹ́ mi kí n tó wá tò. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ó ti jókòó lọ́hùn-ún lórí àpótí tirẹ̀, ó wé gèlè tó máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjú sí pápá yìí, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mo pariwo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ ní kùtù hàì báyìí.

Ó ní, “Mo ti tò, ọ̀rẹ́ mi. Ibi tí ilẹ̀ tán sí ni mo tò dé.”

Akọ̀wé ló ń bọ̀ lókè yẹn. Ẹ bá mi gbé àga yín, kí a tò dé ọ̀dọ̀ Màmá Èyíwùmí létí odò.