Ìgbọ̀nwọ́ Nolari

Nolari kọ̀, kò kúrò nínú ilé rẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ta wáyà iná ńlá dé Enkutoto, wáyà náà ló yà fún un.

Àwọn kan ti sọ ọ́ di ìtàn gbọọrọ. Wọ́n ní ó gégùn-ún fún òpó irin, wọ́n ní ó dùbúlẹ̀ síwájú katakata. Irọ́ ni. Obìnrin tó ti bímọ márùn-ún, tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ló jókòó sínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tó ní òun ò lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ẹnjiníà dé. Mutiso lorúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Kamba, èèyàn jẹ́jẹ́ tí oòrùn ti pa lójú. Ó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀gún tó yí agbo ilé ká, ó sì wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀ òkè, òpó irin mẹ́fà ti tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń bọ̀ tààrà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Apá àríwá ni iná náà ti ń bọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí irin tó ń mú iná wá, Nairobi ló sì ń lọ.

“Màmá,” ni Mutiso wí, “ẹ máa kó ẹrù yín kí oṣù yìí tó parí. Ilé yìí bọ́ sábẹ́ wáyà. Òfin ò gbà kí èèyàn sùn lábẹ́ ẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kó?”

“Ọkọ yín ti tẹ̀ka.”

Nolari tẹjú mọ́ ìwé náà. Àmì àtàǹpàkò dúdú kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ó tẹ̀ka sí kí ni?”

“Sí ilé ẹ̀. Wọ́n sì ti fún un lówó gbà-má-bínú.”

“Ilé ta?”

“Ilé ọkọ yín, Màmá.”

Seleina, ìyàwó kékeré, tí ilé tirẹ̀ wà lápá òsì ẹnu ọ̀nà ọgbà, ń fọ kèrègbè wàrà lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa á débi pé kèrègbè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyáálé mi, ẹ gbọ́? Ọkọ wa ti nílé. Kò sì sọ fún wa.”

Mutiso ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkùnrin ló ń kọ́lé. Ní Enkutoto, obìnrin ló ń gé igi, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ìgbẹ́ màlúù àti eérú rẹ́ ẹ títí òjò ò fi ní rí ibi wọ̀. Ọkùnrin lè ní ilẹ̀, ó lè ní màlúù tó kún ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n kò ní ilé. Ilé ìyàwó ló ń sùn. Bí iye ìyàwó rẹ̀ ṣe tó ni iye ẹnu ọ̀nà tó ń kàn. Àwọn tó kọ ìwé náà ní ọ́fíìsì ka ọkùnrin kan, wọ́n kọ ilé kan, wọ́n sì kà á sí ti ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n Nolari kò rẹ́rìn-ín. Ilé yẹn ló ni màlúù mọ́kànlá. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó wọ agbo ilé ni wọ́n ti pín wọn fún ilé rẹ̀, ogún àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni. Bí ẹlòmíràn bá wó ilé náà, ta ni yóò dá màlúù rẹ̀ mọ̀ láàárín ti ọkọ? Parmuat, ọkọ rẹ̀, ti ń wá ìyàwó kẹta láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màlúù ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó. Nolari mọ ìṣirò yẹn láìlọ sílé ìwé.

“Dá ìwé ẹ padà,” ló sọ fún Mutiso. “Ẹni tó tẹ̀ka sí i ò ní ohun tó tà.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pé jọ sábẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà. Parmuat kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àgbààgbà méje, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mutiso sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó ní ìdàgbàsókè ń bọ̀, ó ní ojúmọ́ tuntun ti mọ́ fún gbogbo ilẹ̀ náà, ó ní ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ ń dán bí idẹ.

“Sọ ọ́ ṣókí, bí ẹni tó ń ra iyọ̀,” ni Nolari wí. “Iná yìí, ṣé ó máa tàn nínú ilé mi?”

Mutiso wolẹ̀. “Rárá, Màmá. Agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìlú ńlá ló ń lọ.”

“O ṣé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o sọ òótọ́ nìyẹn láti àárọ̀.”

Parmuat dìde. “Ìyá Tipape, má dójú tì mí níwájú ẹgbẹ́ mi. Mo ti fún wọn ní ọ̀rọ̀ mi.”

“Bàbá Tipape, ọ̀rọ̀ ẹ lo fún wọn. O ò fún wọn nílé mi.”

“Ilẹ̀ tí ilé ọ̀hún dúró lé, ti ta ni?”

“Tìẹ ni. Ní kí wọ́n wa ilẹ̀ ẹ lọ, kí wọ́n fi ilé mi sílẹ̀ níbi tó wà.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ẹ má jẹ́ ká máa fẹnu lásán jà,” ni Nolari wí. “Bàbá Tipape, wọlé. Kó gbogbo ohun tó bá jẹ́ tìẹ níbẹ̀ jáde. Èyí tí o bá kó jáde, òun ni wọ́n rà. Kí wọ́n máa gbé e lọ.”

Parmuat ò fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ojú ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lọ́wọ́ kan, ìwo aṣáà wà lọ́wọ́ kejì, aṣọ ìbora pupa sì wà léjìká.

“Ìkòkò ńkọ́?” ni Seleina bi í, bí ẹni pé ó ń ràn án lọ́wọ́. “Ibùsùn ńkọ́? Àbí ó wúwo jù?”

“Dákẹ́, ìwọ ọmọ yìí.”

Nolari fa ọwọ́ Mutiso lọ sí ara ògiri. Ìgbẹ́ tó gbẹ ni, ojú ọ̀nà ìka sì kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, bí ebè oko. Ó gbé ìka ara rẹ̀ lé e. Wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà wọn wẹ́kú.

“Ìka kan ló wà nínú ìwé yín,” ló wí. “Ka tibí fún mi.”

Mutiso ò kà á. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ kan ògiri náà, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi jù. Ó yọ ìwé rẹ̀, ó fa ìlà pa orúkọ Parmuat rẹ́.

“Ó dáa, Màmá. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ tẹ̀ka nígbà náà. A máa kọ́ òmíràn fún yín lókè lọ́hùn-ún, onípáànù, onísìmẹ́ńtì.”

“Ta ló máa kọ́ ọ?”

“Àwọn òṣìṣẹ́ wa.”

“Tiwọn nìyẹn. Èmi ò ní í sùn nílé àlejò.”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni katakata dé pẹ̀lú ogún ọkùnrin. Nolari wọlé, ó dáná, ó jókòó ti iná náà. Àwọn obìnrin agbo ilé márùn-ún tó wà nítòsí ti gbọ́, wọ́n sì ru ìgbẹ́ tútù wá. Wọn ò pariwo, wọn ò kọrin. Wọ́n gun òrùlé, wọ́n ń rẹ́ ẹ.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ̀kalẹ̀,” ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ wí. “A níṣẹ́ láti ṣe.”

“Àwa náà ń ṣiṣẹ́,” ni Seleina dá a lóhùn láti òkè. “Tó bá ń yá ẹ lára, ìgbẹ́ ṣì kù nílẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tí Mutiso kọ́kọ́ mú wá náà ló dè wọ́n: wọn ò lè ta wáyà kọjá lórí ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wó ilé tí olúwa rẹ̀ ò fọwọ́ sí. Òrùlé Nolari nípọn débi pé yìnyín ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, Mutiso padà wá pẹ̀lú àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Wọ́n sún èèkàn pupa tó ń fi ọ̀nà wáyà hàn lọ sí apá tó jẹ́ kìkì òkúta, níbi tí ewúrẹ́ nìkan ń dé.

“Ẹ ti kó mi sí wàhálà,” ló sọ fún Nolari kó tó wọkọ̀.

“Mo mọ̀. Mu wàrà kí o tó lọ.”

Ó mu ún.

Òpó tí wáyà ti yà tóbi ju àwọn yòókù lọ, ó ya ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bí àgbà erin. Láti ojú títì, èèyàn á rí i pé wáyà bọ̀ tààrà, ó dé ibẹ̀, ó ṣẹ́po. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní Ìgbọ̀nwọ́ Nolari. Àwọn èrò ọkọ̀ á ní, “Já mi sílẹ̀ ní Ìgbọ̀nwọ́.”

Parmuat dá ohun tó gbà padà. Ìyẹn ò dùn ún tó orúkọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un. Onílé ni wọ́n ń pè é. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń fún màlúù lómi, wọ́n á ní, “Onílé, ẹ káàbọ̀, ilé ńkọ́?” Ó fara dà á fún ìgbà òjò kan. Lẹ́yìn náà ló ra páànù, ó háyà ọkùnrin, ó sì kọ́ ilé onígun mẹ́rin sí ẹ̀bá títì, ó fi àgádágodo sí i. Òun nìkan ni ọkùnrin tó nílé ní Enkutoto. Kò sí ẹni tó ń dáná níbẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣe ìyàwó kẹta wá wo ilé náà, ó wo àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin, ó padà sílé, kò sì ránṣẹ́ mọ́.

Màlúù ilé Nolari ti di mọ́kàndínlógún.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ṣì ń fi èéfín fọ inú kèrègbè ọkọ rẹ̀ láràárọ̀ kí wàrà má bàa bàjẹ́, ó ń bu wàrà sí i, ó ń gbé e sí apá ibi tí àpótí ìjókòó náà máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́, á da wàrà náà fún ọmọ màlúù. Nígbà tó yá, kò bu wàrà sí i mọ́. Kèrègbè tí wàrà ò bá sí nínú rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Ó sán lọ́dún kẹta. Nolari wò ó, ó sì fi dáná.

Ọdún kẹrin rèé. Parmuat ò tíì gba ẹnu ọ̀nà Nolari wọlé.