Irùngbọ̀n Ẹ̀kan

Nígbà tí onígbàjámọ̀ fẹ̀yìn tì, ó rò pé ìjà òun àti irun ti parí. Kò mọ̀ pé ẹ̀kan, koríko ẹlẹ́nu ṣóṣóró, ń dúró de òun níwájú ilé.

Koríko iwájú ilé náà ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ìrọ̀rí. Ẹ̀kan wá yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò, kò sì pẹ́ tó fi ń ṣe bí onílé. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀, àkọ́bí onígbàjámọ̀ ń gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, bàbá sì ti fọ́nnu pé orí koríko òun lọmọ náà máa ti ṣeré.

"Bàbá mi," ọmọbìnrin rẹ̀ wí lórí fóònù, "bí ẹ̀kan yẹn bá ṣì wà ńbẹ̀, ilé bàbá ọkọ mi la máa kọ́kọ́ dé sí o. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá tiwọn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Kí bàbá ọkọ ṣáájú òun gbé ọmọ-ọmọ òun jó? Ó mú àlùmọ́gàjí àtijọ́, ó kúnlẹ̀, ó gé ẹ̀kan mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gé irun ọkọ ìyàwó. Ó tún fẹnu fẹ́ ẹ.

"Ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ó parí."

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lórí okùn. "Bàbá ọmọ mi, ẹ̀kan kì í gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan."

"Ta ló kọ́ṣẹ́ irun nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni. Àwọn oníbàárà yín, bẹ́ ẹ bá gé irun wọn tán, kí ló tún ń gbé wọn padà wá?"

Irun tó ń hù padà ló kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé.

Òjò rọ̀, ẹ̀kan bú jáde. Bàbá bínú, ó fi ọkọ́ ké gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan tún hù.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Abẹ́ ilẹ̀ lorí ẹ̀kan wà. Irùngbọ̀n lẹ kọ́kọ́ gé. Nígbà tẹ́ ẹ sì dé orí, ẹ sọ ọ́ di ọlọ́mọ púpọ̀."

Bàbá ju ọkọ́ sílẹ̀. "Kí la máa wá ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká fi oòrùn dù ú."

Wọ́n wọ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa inú pálọ̀ síta, wọ́n fi bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, wọ́n gbé òkúta lé e.

"Ó pẹ́ tóo ti ń wá ọ̀nà lé kápẹ́ẹ̀tì mi jáde," ni bàbá kùn.

"Mi ò lé e. Iṣẹ́ ni mo wá fún un."

Wọn ò tíì ká a kúrò tí ọmọbìnrin wọn fi dé. Ó dúró lẹ́nu géètì.

"Bàbá mi, ṣé pálọ̀ lẹ kó síta ni?"

Kí bàbá tó wá èsì, ọmọ ti yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó rá gba orí kápẹ́ẹ̀tì kọjá, ó sì di ẹsẹ̀ bàbá àgbà mú.

"Ilé bàbá ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n á rí wa lọ́la, sà."

Bàbá ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tó rí ẹ̀kan kan ṣoṣo tó yọ sókè létí kápẹ́ẹ̀tì. Ó kọwọ́ bọ àpò, níbi tí àlùmọ́gàjí wà. Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́. Bàbá yọwọ́ lófo, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ìka tọ gbòǹgbò náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wá iná orí, títí tó fi fà á jáde lódindi.

Ibẹ̀ lọmọ ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá irùngbọ̀n bàbá àgbà mú.

"Fà á tòun ti gbòǹgbò, olówó orí mi," ni ìyá àgbà wí fún ọmọ náà. "Bàbá àgbà rẹ ti mọ̀ ọ́n fà báyìí."