Atọ́kùn Kẹrin Ètò Kó-Tó-Hó

Bronwen Tansley ti ka ìròyìn lórí rédíò ní Sheffield fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omíyalé dé, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìjọba ṣubú, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ní sítúdíò kan ní Salford, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé Morag, obìnrin tó ń darí gbogbo ohun tó ń lọ nínú sítúdíò náà, fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká rẹ̀ mú.

"Dúró jẹ́ẹ́, jàre," Morag sọ fún un. "Tíì lásán ni."

Tíì lásán! Ta ni kò ní gbọ̀n? Kó-Tó-Hó, ètò ìdíje orí tẹlifíṣàn, ni wọ́n ní kó wá ṣe atọ́kùn rẹ̀. Ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò bá mọ Kó-Tó-Hó, ó ní láti jẹ́ pé àná ni wọ́n bí i. Eré náà ò sì ṣòro. Wọn á gbé kẹ́tùlù kaná, olùdíje á dúró ti iná náà, atọ́kùn á máa da ìbéèrè bò ó, òun náà á máa dáhùn títí kẹ́tùlù á fi fé súfèé. Ẹni tó bá dáhùn jù ló ń gba ìkòkò tíì funfun kan lọ sílé. Kò sí mọ́tò, kò sí ilé, kò sí àpò owó. Síbẹ̀, tí ètò yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn arúgbó ò ní gbé fóònù, dókítà tó bá wá wò wọ́n á kọ́kọ́ dúró ná.

Atọ́kùn mẹ́ta ló ti jẹ níbẹ̀. Cedric Mumby ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bọ́ súwẹ́tà, ó sì ṣe é títí ọlọ́jọ́ fi dé. Desmond Hoyle gbà á lẹ́yìn rẹ̀, aláriwo ni ní tiẹ̀, aṣọ rẹ̀ a sì máa dán yinrinyinrin. Fergus Lomax, aláwàdà, ló wá tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá ṣe ń lọ ni gbogbo ìlú á máa búra pé ó parí, àwọn ò ní wò ó mọ́ láéláé. Ẹ padà wò wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti jókòó síwájú tẹlifíṣàn! Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ya Bronwen lẹ́nu láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ní Rotherham kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, àmọ́ á máa fi gbogbo ẹ̀mí pariwo ìdáhùn sí Mumby, bí ẹni pé ọkùnrin náà ń gbọ́ ọ nínú àpótí yẹn.

Kó tó jáde síwájú èrò, Ọ̀gbẹ́ni Venn, ọ̀gá ètò náà, fà á sí kọ̀rọ̀.

"Mi ò ní tàn ẹ́," ó sọ. "Àwọn ọ̀gá mi ti jókòó sókè, wọ́n ń wò wá. Ètò oúnjẹ sísè ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò eléyìí. Tí àwọn èèyàn tó wà nínú sítúdíò yìí ò bá gbà ẹ́ lónìí, ó tán nìyẹn."

Bronwen gbójú wo òkè. Ṣé òun wá lètò yìí máa kú sí lọ́wọ́?

Bọ́ọ̀sì ló kó àwọn òǹwòran wá láti Barnsley àti Rhyl, wọ́n fi fìlà olówùú bo orí, wọ́n sì di búrẹ́dì oníwàràkàṣì sínú báàgì. Bó ṣe jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, pàtẹ́wọ́ ọmọlúàbí, irú èyí tí wọ́n máa ń pa fún ọmọ tó gba ipò ìkẹyìn nínú eré sísá.

"Èyí náà rèé?" obìnrin kan sọ, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó tín-ín-rín jù."

"Mumby ṣáà lèmi mọ̀ o."

Bronwen gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tanná sábẹ́ kẹ́tùlù.

Olùdíje méjì ló wà lọ́jọ́ náà. Marjorie Sugden, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Whitby, ló kọ́kọ́ dúró, ó sì ń dáhùn kíákíá bí ẹni pé wọ́n ti sọ ìbéèrè fún un látilé. Hubert Clegg ló kàn, ọkùnrin Oldham tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì. Ó mọ odò, ó mọ ọba, ó mọ bọ́ọ̀lù. Wọ́n wá bi í nípa ẹyẹ, ó bá dúró, ó ń wo òkè bóyá ọ̀kan á fò kọjá. Kẹ́tùlù fé súfèé. Hubert ti pàdánù.

Ní Kó-Tó-Hó, ó ní ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbi tó bá dé yìí. Atọ́kùn á bu omi gbígbóná náà sórí ewé tíì, á pò ó, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife àkọ́kọ́ fún ẹni tó pàdánù. Ẹni tó borí á dúró de tiẹ̀. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Bronwen mọ̀ ọ́n ju àdúrà alẹ́ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Venn ń lù gbì gbì nínú orí rẹ̀, ó po tíì tán, ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ife náà sí Marjorie.

Àwọn òǹwòran na ọrùn wò ó.

Marjorie kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù olè fún. "Ọmọ mi," ó rọra sọ, "kì í ṣe tèmi o." Hubert tó ti na ọwọ́ jáde tẹ́lẹ̀ bá rọra gbé e padà sápò, etí rẹ̀ pọ́n.

Ohùn Venn dún nínú ẹ̀rọ tó wà létí Bronwen: "Ẹ dá a dúró! Ẹ tún un yà!"

Morag sáré bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, a máa tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ ṣáà ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí nǹkan kan."

Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, Bronwen ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Mo ti pa á, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Mo ti pa á, ọjọ́ kan ṣoṣo péré.

Ni ìyá arúgbó kan láti Barnsley bá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde níwájú.

"A ò tún nǹkan kan ṣe!"

"Màmá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," Morag bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò jókòó! Ibí ni mo wà lọ́jọ́ tí Cedric kọ́kọ́ ṣe é, tó da tíì sí ṣòkòtò bíṣọ́ọ̀bù. Ṣé wọ́n tún ìyẹn yà?"

"Rárá o!" gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn dáhùn.

"Desmond ńkọ́?" ọkùnrin kan pariwo. "Kò tanná rárá! Gbogbo wa jókòó, à ń retí súfèé!"

"Fergus ló tún pa mí lẹ́rìn-ín! Tíì olùdíje, ó gbé e mu!"

"Ó mu ún tán pátápátá!"

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́sẹ̀, oníkálukú ń rántí tirẹ̀. Bronwen dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń fi àbúrò ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi àwọn ọkùnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó kú, ẹni tó fẹ̀yìn tì, kò sí èyí tó sọnù nínú wọn. Ẹnu àwọn onífìlà olówùú yìí ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tó dùn mọ́ ọn, bí ìgbà téèyàn bá wọ inú ilé ìjọsìn ńlá tí kò mọ̀ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

"Tìẹ rèé báyìí," ìyá náà sọ fún un. "Ọkàn mi ti ń já, mo rò pé o ò ní ṣi nǹkan kan ṣe ni! Ó yá, fún bàbá yẹn ní tíì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Bronwen gbé ife náà fún Hubert. Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá."

"Látayé Cedric ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wá pàdánù níbí," Hubert sọ. "Ìyẹn náà lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi!"

Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Bronwen náà rín títí ó fi di tábìlì mú. Nínú ẹ̀rọ etí rẹ̀, Venn sọ jẹ́ẹ́ pé: "Ẹ máa yà á lọ. Ẹ má yọ nǹkan kan nínú rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n parí, Venn sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ẹnu yà á. "Àwọn ọ̀gá mi ní ká máa ṣe é lọ. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ohun tó yẹ kó o ṣe nìyẹn?"

Bronwen yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó jáde sẹ́yìn ilé kó lè gba atẹ́gùn sára. Àwọn ará Barnsley ń wọ bọ́ọ̀sì wọn lọ́wọ́, ẹnì kankan nínú wọn ò rí i níbi tó dúró sí.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Cedric da tíì," ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn ń sọ fún awakọ̀, "mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bronwen gbé e fún ẹni tó borí. Ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀!"

"Orí Marjorie ló dà á sí," ẹlòmíì sọ láti ojú fèrèsé.

Kò já bọ́. Kò sì kan Marjorie ní kíní kan. Bronwen la ẹnu láti sọ fún wọn, ó tún pa á dé. Bọ́ọ̀sì náà ṣí, wọ́n sì ń bá ìtàn náà lọ.