Ìdáhùn Tó Kọjá Ààlà

Kíláàsì tí Ìbídùnní ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ti di róbótó bí àwo. Kò yà á lẹ́nu. Fadérera, ọmọ rẹ̀ tó kú, ló jókòó síwájú nínú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sin ín, ó ń retí iṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún ti wà lójú bọ́ọ̀dù: sáìnì tẹ́tà lọ́nà méjì jẹ́ ọ̀kan. Tẹ́tà, igun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó gbogbo ohun tó yí mi ká kúrò.”

Ìbídùnní fi méjì pín ọ̀tún, ó fi pín òsì. Ó ku sáìnì tẹ́tà lápá kan, ìdajì lápá kejì. Ó yí sáìnì sódì bí ẹni yí aṣọ, igun sì já bọ́ sílẹ̀: ọgbọ̀n ìwọ̀n. Fadérera dìde, ó lọ dúró ní ìdámẹ́rin àkọ́kọ́ yàrá náà. Fadérera mìíràn ti wà ní ìdámẹ́rin kejì, ní àádọ́jọ ìwọ̀n, torí ìdáhùn méjì ni sáìnì yẹn ní.

“Ta ni ọmọ mi nínú yín?”

“Èmi kan náà ni, Màámi.”

Ó ní kí wọ́n yí yàrá po. Wọ́n yí i po, wọ́n padà dé ibi tí wọ́n ti gbéra, torí bí igun bá yípo tán, sáìnì rẹ̀ kì í yàtọ̀. Ìbídùnní ní kí wọ́n tún yí i. Bí wọ́n ṣe ń dé ló ń dì mọ́ wọn. Ara wọn gbóná.

Bọ́ọ̀dù wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé iṣẹ́ náà ní ààlà: láti òdo dé ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ìwọ̀n, ìyípo kan péré.

“Àwọn tí mo dì mọ́ yìí ńkọ́?”

“Wọ́n ti kọjá ààlà. Pa wọ́n rẹ́.”

“Ìyípo àkọ́kọ́ ńkọ́?”

“Ìyẹn ti lọ.”

Ó rí dọ́sítà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì jù ú nù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti pòórá. Èyí tó kù mú dọ́sítà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ rẹ́ láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Bàtà lọ, orúnkún lọ, yunifọ́ọ̀mù lọ. Ó ku ojú àti ọwọ́ kan.

“Màámi, ẹ bá mi parí ẹ̀. Ọwọ́ ń ro mí.”

“Jọ̀ọ́, Fadérera. Jọ̀ọ́, ọmọ mi.”

“Ìyá Fadérera!” Ọkọ rẹ̀ ló ń mì í léjìká. Ilẹ̀ ti mọ́. “Ta lò ń bẹ̀?”

 Ìbídùnní sún dé etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àyè tó gba ọmọ kan sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ wo àyè náà títí, òun náà bá sún sẹ́yìn.